Òǹwòran gẹ́gẹ́ bí Oníṣẹ́-Ọnà

Nínú ọ̀pọ̀ àfihàn iṣẹ́-ọnà, ojú nìkan ni òǹwòran ń lò. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Yayoi Kusama, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, yí èyí padà ní ọdún 2002 ní ìlú Brisbane, ní Ọsirélíà. Ó pèsè yàrá kan fún àwọn ọmọdé; ògiri, àga àti tábìlì rẹ̀ funfun báláú. Olúkúlùkù àlejò gba bébà róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó wù ú. Díẹ̀díẹ̀ ni funfun náà pòórá.

Bí àlọ́ àpagbè kò ti lè dùn láìsí elégbè, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí kò lè parí láìsí àlejò. Orúkọ rẹ̀, Yàrá Ìparẹ́, sì bá a mu: àmì ẹnì kọ̀ọ̀kan a máa sọnù sáàárín ti ẹgbẹ́ rẹ̀.