Bí Kámẹ́rà Bá Gba Ọgbọ́n Tuntun Tí Orí Rẹ̀ Sì Dàrú

Ẹ̀yin ònkàwé wa, ọ̀ràn kámẹ́rà kì í ṣe ọ̀ràn àwọn onífọ́tò nìkan mọ́ ní ayé òde òní. Olùkọ́ tí ó ń ya àwòrán àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún, oníṣòwò tí ó ń ya àwòrán aṣọ àti bàtà kí àwọn oníbàárà tí ó wà lọ́nà jíjìn lè rí ọjà rẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fi kámẹ́rà wá oúnjẹ òòjọ́ ní ibi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà, gbogbo wọn ni wọ́n gbójú lé e. Nítorí náà ohun tí a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kan ilé púpọ̀.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kámẹ́rà tí kò já bọ́, tí omi kò kàn, tí ọmọdé kò fi ṣeré, yóò ṣàdédé kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá wádìí, a ó gbọ́ pé ní àná ni olówó rẹ̀ gba ìsọdọ̀tun tí àwọn tí ó ṣe kámẹ́rà náà fi ránṣẹ́, tí ó sì fi í sínú rẹ̀. Oògùn tí a lò kí ara lè le ni ó wá dá àìsàn sílẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ti máa sọ pé owó òun ti wọgbó. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú àìsàn báyìí ni ó ní àtúnṣe, bí a kò bá fi ìkánjú sọ ọ́ di òkú.

ỌGBỌ́N INÚ KÁMẸ́RÀ

Kámẹ́rà àwọn bàbá wa kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Irin, gíláàsì àti fíìmù ni, ẹni tí ó dì í mú ni ó ń ro gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni Steven Sasson, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Ó wúwo ju kílò 3 àti ààbọ̀ lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó sì fi ń kọ àwòrán kan ṣoṣo sórí téèpù kásẹ́ẹ̀tì. Láti ọ̀dọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà dígítà òde òní ti bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ti di kọ̀ǹpútà kékeré tí ó ní ojú gíláàsì.

Gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà, ó ní láti ní àṣẹ tí yóò máa tẹ̀lé. Àṣẹ ni ó ń sọ fún un bí yóò ti wá ojú ènìyàn rí, bí yóò ti mọ iye agbára tí ó kù nínú bátìrì, àti bí yóò ti kọ àwòrán sórí káàdì. Àkójọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí, tí a kọ sínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ni àwọn òyìnbó ń pè ní firmware. Àwa yóò máa pè é ní ọgbọ́n inú kámẹ́rà.

Lẹ́yìn tí a bá ti ta kámẹ́rà tán, àwọn tí ó ṣe é lè rí àbùkù nínú ọgbọ́n yìí, tàbí kí wọ́n ṣe lẹ́ǹsì tuntun tí kámẹ́rà àtijọ́ kò mọ̀. Wọn yóò wá kọ ọgbọ́n mìíràn, wọn yóò sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kí tuntun tó wọlé, a ní láti pa ti àtijọ́ rẹ́, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Bí bátìrì bá kú láàárín méjì, ńṣe ni kámẹ́rà dà bí ẹni tí ó wó ilé rẹ̀ tán, tí kò tíì kọ́ òmíràn, tí òjò sì dé bá a.

Kì í ṣe èyí nìkan ni ó ń fa ìyọnu. Ọgbọ́n náà lè ti bàjẹ́ nígbà tí a ń gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. A lè gba ti kámẹ́rà mìíràn tí orúkọ wọn jọra. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn tí ó ṣe é gan-an ni ó ṣìṣe. Ní ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ Fujifilm ní ilẹ̀ Japan gbé ọgbọ́n tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4.00 jáde fún kámẹ́rà wọn X-T2, tí wọ́n sì tún fà á padà nítorí àbùkù tí ó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò. Nítorí náà, kí ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ dàrú má ṣe yára dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ọ̀NÀ TÍ A LÈ GBÀ TÚN UN ṢE

Ẹ tẹ̀lé ètò yìí bí a ti tò ó, nítorí pé èyí tí ó rọrùn jù ni a fi ṣáájú.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sinmi. Ẹ pa á, kí ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì yọ káàdì. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bátìrì tí ó kún dáadáa sí i, láìfi káàdì sí i, kí ẹ tàn án. Kámẹ́rà púpọ̀ tí ó dákú ni ó ti jí pẹ̀lú èyí nìkan.

Èkejì, ẹ yẹ káàdì wò. Bí kámẹ́rà bá tàn nígbà tí káàdì kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó dàrú nígbà tí a fi í sí i, káàdì ni ẹ ó fura sí. Ẹ dán òmíràn wò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Kámẹ́rà lè sọ fún yín pé kí ẹ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Format, èyí ni pé kí ẹ nu káàdì náà mọ́ pátápátá. Ẹ má ṣe gbà fún un bí ẹ kò bá tíì da àwọn àwòrán orí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Inú kámẹ́rà ni ọgbọ́n rẹ̀ ń gbé, kì í gbé orí káàdì. Nítorí náà ìsọdọ̀tun kì í sábà fọwọ́ kan àwòrán yín. Ọwọ́ ẹni tí jìnnìjìnnì bò ni ó máa ń pa àwòrán rẹ́. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti nù ún, ẹ má ṣe ya àwòrán kankan sórí káàdì náà mọ́. Ẹ yọ ọ́ pamọ́, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wá àwòrán tí a ti parẹ́ jáde, bí a kò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí.

Ẹ̀kẹta, ẹ yẹ lẹ́ǹsì wò, bí ó bá jẹ́ irú kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ń yọ. Ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ yọ lẹ́ǹsì, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu àwọn irin wínníwínní tí ó wà ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà. Bí lẹ́ǹsì kan bá ṣiṣẹ́ tí èkejì kò ṣiṣẹ́, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀ràn wà. Lẹ́ǹsì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú. Pàápàá jùlọ, lẹ́ǹsì tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe lè má gbọ́ èdè kámẹ́rà mọ́ lẹ́yìn ìsọdọ̀tun. Nítorí irú èyí ni ilé-iṣẹ́ Sigma fi gbé ohun èlò kékeré kan jáde ní ọdún 2013 tí a fi ń so àwọn kan nínú lẹ́ǹsì wọn mọ́ kọ̀ǹpútà, kí olówó rẹ̀ lè fún un ní ọgbọ́n tuntun nílé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yẹ bátìrì wò. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí ó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè di àjèjì lónìí, kí kámẹ́rà sì sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ojúlówó bátìrì dán an wò kí ẹ tó sọ pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó ní irú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dá ètò rẹ̀ padà. Nígbà mìíràn kámẹ́rà kò ṣàìsàn rárá. Ìsọdọ̀tun ni ó yí ètò inú rẹ̀ padà. Ẹni tí ó ti ń fi bọ́tìnì kan wá ojú ènìyàn rí yóò tẹ̀ ẹ́ títí, nǹkan kan kò ní í ṣẹlẹ̀. Nínú mẹ́nù, ẹ wá ibi tí a kọ Reset sí. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ètò tí ẹ fẹ́ràn sórí ìwé, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò padà sí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí kámẹ́rà ti ilé-iṣẹ́ jáde. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún ọjọ́ àti aago rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀kẹfà, bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ tún ọgbọ́n náà fi sí i. Nínú mẹ́nù ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí ojúlé àwọn tí ó ṣe kámẹ́rà náà gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ wo orúkọ kámẹ́rà yín létí-létí. Mark II kì í ṣe Mark III. Ti Canon máa ń ní FIR ní ìparí orúkọ rẹ̀, ti Nikon máa ń ní BIN, ti Fujifilm sì máa ń ní DAT. Ẹ fi kámẹ́rà fúnra rẹ̀ nu káàdì kan tí kò ní àwòrán tí ẹ fẹ́, kí ẹ gbé ọgbọ́n náà sí ojú káàdì gbangba, kì í ṣe sínú àpò kankan tí ó wà lórí rẹ̀.

Ohun kékeré kan wà tí ó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Bí ẹ bá gba ọgbọ́n kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà yóò fi nọ́ńbà kún ìdí orúkọ èkejì, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ èkínní. Kámẹ́rà kò ní í mọ orúkọ náà mọ́, yóò sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan lórí káàdì. Ẹ pa àwọn méjèèjì rẹ́, kí ẹ tún un gbà lẹ́ẹ̀kan.

Kámẹ́rà kan yóò gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Òmíràn yóò sọ pé òun ti ní i. Púpọ̀ nínú wọn kì í sì í gbà kí a padà sí ti àtijọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a lè ṣe ju pé kí a dúró de èyí tí yóò tẹ̀ lé e.

BÍ OJÚ RẸ̀ BÁ DÚDÚ KIRIKIRI

Bí kámẹ́rà kò bá tàn rárá lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ sí ibi àtúnṣe tí àwọn tí ó ṣe é fọwọ́ sí. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí tí ẹ fi rà á dání, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa ohun tí ẹ ti ṣe. A kò gbọdọ̀ tú u nílé. Àwọn kámẹ́rà tí ó ní fíláṣì nínú ní ohun kan tí ó ń tọ́jú iná pamọ́, tí agbára rẹ̀ lè tó 300 fóòtì, ó sì lè gbá ènìyàn àní lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì. Yàtọ̀ sí èyí, kámẹ́rà tí a ti tú kì í ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ yín wà lọ́tọ̀. Àwọn kámẹ́rà kan tí a ṣe fún ilẹ̀ Japan nìkan kò ní èdè mìíràn nínú mẹ́nù wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé ìsọdọ̀tun ni yóò sọ ọ́ di elédè Gẹ̀ẹ́sì. Inú mẹ́nù ni kí ẹ ti wo èdè rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

OJÚ NI ALÁKÀN FI Ń ṢỌ́ ORÍ

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún kámẹ́rà ní ọgbọ́n tuntun ní alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ ku ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé alẹ́ Ẹtì ni, ìgbéyàwó sì wà ní Sátidé. Bí kámẹ́rà bá kú, ta ni yóò sọ fún ìyàwó pé kí ó tún padà wá ṣe ìgbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀? Ta ni yóò sọ fún ìyá arúgbó tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá pé kí ó tún wọ aṣọ rẹ̀? Ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí ni kí a ṣe é, nígbà tí àyè ṣì wà láti wá àtúnṣe.

Kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n sọ pé ọgbọ́n tuntun náà fẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí lẹ́ǹsì tí ẹ kò ní ni, kò sí ìkánjú. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tí ó ṣáájú ń sọ. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe é, kí bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú, kí ẹ gbé kámẹ́rà kalẹ̀, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan títí yóò fi sọ pé ó parí.

Bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ tẹ olówó iṣẹ́ láago ní alẹ́ Ẹtì náà. Ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ yá kámẹ́rà tàbí kí ẹ wá ẹlẹgbẹ́ yín tí yóò bá yín lọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tí ó wá dé ibi ìnáwó pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ àlàyé ọgbọ́n inú kámẹ́rà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gba onífọ́tò síṣẹ́, kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ bi í léèrè bóyá ó ní kámẹ́rà kejì. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín, òun ni ó ń dá ẹ̀bi láàárín ọ̀rẹ́ dúró.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó dìgbà kan ná.