Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Kẹ̀kẹ́ Ojú Títì Àkọ́rà fún Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Kẹ̀kẹ́ ojú títì ni kẹ̀kẹ́ ológeere tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, tí wọ́n ṣe kí ó lè sáré lórí ọ̀dà. Tòkunbọ̀ tí wọ́n tọ́jú dáadáa sábà máa ń sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, nítorí pé irú tuntun bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo, búréèkì rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú.

Férémù, ìyẹn egungun tí ó gbé gbogbo kẹ̀kẹ́ ró, ni ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wò, torí pé ìjókòó àti táyà ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n férémù tí ó tóbi ju ẹni tí yóò gùn ún lọ kò ní àtúnṣe. Ti kábọ́ọ̀nù fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó lè ti sán nínú láìhàn síta, nítorí náà kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi tòkunbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣéènì ló máa ń tú àṣírí ọjà. Bí olùrà bá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àárín píìnì kan dé àárín ìkẹrìnlélógún tí ó tẹ̀ lé e, ínṣì 12 géérégé ni ti tuntun. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì kọjá bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ eyín gíà ẹ̀yìn pẹ̀lú, owó méjèèjì sì yẹ kí ó kúrò nínú iye tí wọ́n pè é.

Kí olùrà tún wo nọ́ńbà ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára táyà: 622 ló wọ́pọ̀ lára táyà kẹ̀kẹ́ ojú títì òde òní. 630 jẹ́ ti àtijọ́, táyà rẹ̀ kò sì pọ̀ lọ́jà mọ́.