Bí Ẹ̀rọ Amúnáwá Bá Kọ̀ Tí Kò Jí

Kò sí ilé ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gúṣì tí kò mọ̀ ọ́n: iná mànàmáná lọ ní àṣálẹ́, bàbá fa okùn ẹ̀rọ amúnáwá títí apá fi ń ro ó, ẹ̀rọ kò sì dáhùn. Kíákíá ni a ó wí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, a ó sì máa wá owó òmíràn kiri. Àwa ń rọ ẹ̀yin òǹkàwé wa pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó wá owó.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí kò gbára lé bátìrì. Irin òòfà ń bẹ lára kẹ̀kẹ́ irin tí okùn ń yí; bí ó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, agbára mànàmáná yóò dìde nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Michael Faraday ti fi hàn ní ọdún 1831. Agbára náà yóò fo àlàfo tí kò tó mìlímítà 1 ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, yóò ta pàrà, yóò sì tan epo. Irin òòfà bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń pèsè iná fún trakítọ̀ Fordson ti ọdún 1917.

Ṣùgbọ́n àárín ọ̀sà àti òkun ni Ìkátẹ̀ wà; atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbé iyọ̀ àti ọ̀rinrin wá, irin a sì máa tètè dípẹtà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tutù, ẹ wo ibi tí wáyà ti so pọ̀, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì. Bí èédú bá bò ó, ẹ nù ún. Bí ara rẹ̀ funfun bá sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọ́ìlì pẹ̀lú, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan kì í jí bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo wáyà ìpaná: bí ó bá bó tí ó sì kan irin, bí ẹni pé a ti pa ẹ̀rọ ni yóò rí. Bí gbogbo èyí kò bá ṣe é, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀ fún mẹkáníìkì; ẹ má ṣe dán iná wò níbi tí epo bẹntiróò ti dà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹ má ṣe torí iyọ̀ àti òjò gbé ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ wọ inú ilé tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Ìta gbangba, lábẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri, tí ó jìnnà sí ilé, ni ààyè rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.