Àpò Ọrùn Adìẹ Tó Wú

Ní ìrọ̀lẹ́, bí adìẹ ìbílẹ̀ bá ń wọ àgò lọ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ ó rí i pé ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ yọ gọngọ sápá ọ̀tún. Ẹ má fòyà. Ibẹ̀ ló kó gbogbo ohun tó ṣà jẹ láti àárọ̀ sí, kí ó lè rọ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sínú iwe. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun ò léyín. Òkúta yẹn ni eyín rẹ̀; inú iwe ló ti ń fi lọ oúnjẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àpò ọrùn á ti fò.

Èyí tí kò bá fò ní ìdájí ni àìsàn. Lára abọ́lọ́rùn, adìẹ tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, ojú lásán la fi ń rí i. Lára aṣá, adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká, àti àwọn tó kún fún ìyẹ́, àfi ká fọwọ́ kàn án.

Nílùú Abẹ́òkúta, adìẹ ń ṣa láfún gbígbẹ jẹ lórí àpáta tí wọ́n sá a sí, omi á sì mú un wú nínú àpò. Ṣùgbọ́n ìko àti òwú tí wọ́n fi ń di àdìrẹ ládùúgbò bí Ìtòkú ni mo bẹ̀rù jù. Adìẹ á rò pé ekòló ni. Koríko gígùn á lọ́ mọ́ ọn, àjákù ọ̀rá náílọ́ọ̀nù á dà pọ̀ mọ́ ọn, ó di kókó líle gbagidi. Adìẹ ń jẹ, ó ń rù. Àpò ọrùn òmíràn kì í le. Ó rọ̀ bọ̀jọ̀bọ̀jọ̀, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí omi ògì tó ti pẹ́, nítorí oúnjẹ ti kan níbẹ̀.

Bí àpò bá le, ẹ fún adìẹ lómi, ẹ rọra fìka tẹ àpò náà, ẹ má fún un lọ́kà títí yóò fi fò. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò: omi lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ó kú sí yín lọ́wọ́. Bó bá ń ya ìgbẹ́ àwọ̀ ewé, tí ọrùn rẹ̀ ń lọ́, ẹ fura sí àìsàn lúkúlúkú, ẹ pe dókítà ẹran.

Inú mi dùn pé yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, l'Abẹ́òkúta, sin adìẹ ìbílẹ̀ wa títí ó fi di ìran tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Síbẹ̀, kò sí adìẹ tí iwe rẹ̀ lè lọ òwú tàbí ọ̀rá. Ẹ̀yin aládìrẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbá òwú nílẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn àgò.