Oṣù Kẹwàá Nínú Họ́kì Orí Yìnyín Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ikọ̀ méjì láti ìpínlẹ̀ kan náà ń du àyè kan ṣoṣo nínú ìdíje orílẹ̀-èdè: Yunifásítì Minnesota tó wà ní Minneapolis, àti Minnesota Duluth tó wà létí adágún Superior. Gbogbo líìgì ti parí, ìṣirò ló kù. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, 0.0001 ni Duluth fi ju ìkejì rẹ̀ lọ. Duluth wọlé, Minnesota jókòó sílé. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, ní ìlú St. Paul, Duluth na Notre Dame 2-1, wọ́n sì gba ife orílẹ̀-èdè. Ká ní Minnesota rí ìborí kan péré kún tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ sáà, Duluth ì bá má dé St. Paul rárá.

Ìdí nìyí tí àlámànàkì yìí fi ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́ sáà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń gbéra, inú oṣù kẹrin ni wọ́n sì máa ń gba ife. Ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 60 ló ní ikọ̀ ọkùnrin ní ìpele kìn-ín-ní NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàrin àwọn yunifásítì ilẹ̀ náà. Líìgì mẹ́fà ni wọ́n pín sí: Hockey East, ECAC, Big Ten, NCHC, CCHA àti Atlantic Hockey America. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti alẹ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń gbá a, ikọ̀ méjì kan náà ni yóò sì kojú ara wọn ní alẹ́ méjèèjì. Abala mẹ́ta oníṣẹ́jú 20 ni eré kan. Ènìyàn mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí yìnyín, aṣọ́lé wà nínú wọn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ivy bíi Harvard, Yale àti Cornell kì í tètè bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Ó di ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá kí wọ́n tó yọjú. Ẹni tó bá wo tábìlì láàrin oṣù kẹwàá tó rí òdo níwájú orúkọ wọn, kó má rò pé wọ́n ti kùnà.

Ikọ̀ 16 ló ń lọ sí ìdíje orílẹ̀-èdè. Mẹ́fà nínú wọn gba ife líìgì tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í bá wọn jiyàn. Ìṣirò ni wọ́n fi ń mú àwọn 10 tó kù, ìṣirò náà kò sì mọ oṣù. Ìborí ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá kò fúyẹ́ ju ìborí ọjọ́ 28 oṣù kejì lọ. Ohun tí ìṣirò náà ń wò ni ẹni tí o nà àti ibi tí o ti nà án, torí pé ìborí nílé olódì wúwo ju ti ilé ẹni lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni pé oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ni àwọn ikọ̀ ń bá ikọ̀ líìgì mìíràn pàdé jù. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, àárín ara wọn ló kù tí wọ́n ń gbé. Nínú líìgì, ohun tí ikọ̀ kan jèrè ni ikọ̀ kejì pàdánù. Bó ti wù kí wọ́n na ara wọn tó, àpapọ̀ iyì líìgì náà kì í lọ sókè, kì í sì í wá sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti rí mú bọ̀ láti ìta ni wọn yóò máa pín jẹ títí di oṣù kẹta. Ẹ jẹ́ ká fi iye ṣàpẹẹrẹ. Ikọ̀ mẹ́jọ wà nínú líìgì kan, kálukú gbá eré mẹ́jọ síta, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 64. Bí wọ́n bá borí nínú 42, ẹni tó ṣe ipò karùn-ún níbẹ̀ ṣì lè wà lára àwọn 16. Bó bá jẹ́ 26 péré ni wọ́n borí, ẹni tó ṣe ipò kejì lè máa wo ìdíje náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, olólùfẹ́ North Dakota tí kò fẹ́ràn Denver tí wọ́n jọ wà nínú líìgì kan náà rárá, ó yẹ kó bá Denver yọ̀ nígbà tí Denver bá na ikọ̀ Boston kan níbẹ̀rẹ̀ sáà. Ara iyì tirẹ̀ náà ni.

Ṣùgbọ́n ká tó lè sọ ẹni tó mọ eré ní tòótọ́, èsì nìkan kò tó. Nínú eré mẹ́jọ, oríire ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, íǹṣì mẹ́ta ni fífẹ̀ rẹ̀, íǹṣì kan ni nínípọn rẹ̀. Wọ́n ti máa ń mú un dì nínú ẹ̀rọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kó má baà máa ta. Ó lè bá bàtà ẹnìkan, kó yà, kó wọ àwọ̀n, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí góòlù gidi. Mo máa ń ka iye ìgbà tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbá rọ́bà sí ojú ilé kí n tó wo góòlù. Ikọ̀ tó pàdánù 1-2 lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n tó gbá 38 sí 19 olódì rẹ̀, kò ní ìṣòro tó pọ̀; aṣọ́lé ẹnìkejì ló gba alẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Aṣọ́lé tó dáńgájíá máa ń dá bíi 92 dúró nínú 100. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń dá 96 dúró lóṣù kẹwàá, ẹ yìn ín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn sí i pé bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí.

Ìtàn fi hàn pé ìbẹ̀rẹ̀ tó dára lè já sí ife, ó sì lè má já sí i. Cornell bẹ̀rẹ̀ sáà 1969-70 pẹ̀lú ìborí, pẹ̀lú ìborí ni wọ́n sì parí rẹ̀: eré 29, ìborí 29. Ikọ̀ tó gba ife NCAA láìpàdánù, láìta ọ̀mì, kò tíì sí mìíràn. Maine sún mọ́ ọn ní 1992-93: ìborí 42, ìpàdánù kan, ọ̀mì méjì, Paul Kariya tó jẹ́ ọlọ́dún àkọ́kọ́ sì kó àmì 100 jọ, góòlù àti ìrànwọ́ lápapọ̀. Ní 2006, Minnesota pàdánù eré àkọ́kọ́ sáà fún Maine, wọ́n wá gbá eré 22 léraléra láìpàdánù. Ọ̀kan lára ọ̀dọ́ tó gbé wọn dìde ni Kyle Okposo, ọmọ bíbí St. Paul tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Góòlù 19 àti ìrànwọ́ 21 ló ní nínú eré 40 ní sáà náà. North Dakota ló padà já wọn kúrò nínú ìdíje orílẹ̀-èdè. Okposo fúnra rẹ̀ gba ife Stanley, ife àwọn tó ń fi họ́kì ṣe iṣẹ́ ajé, pẹ̀lú Florida Panthers ní 2024.

Denver, tó ti gba ife NCAA nígbà 10 kí sáà 2024-25 tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ nígbà náà, borí nínú eré 12 àkọ́kọ́ rẹ̀ ní sáà yẹn. Western Michigan ló dá wọn dúró lóṣù kẹrin, ní eré tó ṣáájú àṣekágbá, 3-2, nínú àfikún àkókò kejì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Western Michigan na Boston University 6-2 ní St. Louis, wọ́n sì gba ife àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Yale ti 2013 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn: àwọn ni wọ́n mú kẹ́yìn nínú àwọn tí ìṣirò mú, Quinnipiac sì ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta ní sáà yẹn. Lọ́jọ́ àṣekágbá, Yale na Quinnipiac 4-0.

Òfin tuntun kan ti mú kí oṣù kẹwàá ṣòroó sọ tẹ́lẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ní oṣù kọkànlá 2024, NCAA gbà pé kí àwọn tó ti gbá nínú líìgì ọ̀dọ́ ńlá mẹ́ta ti Kánádà máa wọ yunifásítì láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2025. Tẹ́lẹ̀ rí, owó díẹ̀ tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń kà wọ́n sí ẹni tó ń fi eré ṣe iṣẹ́ ajé. Gavin McKenna, ọ̀dọ́mọdé tí gbogbo ayé họ́kì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kúrò ní Medicine Hat, ó lọ sí Penn State. Ikọ̀ tó gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún wọlé ti di ikọ̀ mìíràn, ipò tó wà lọ́dún tó kọjá kò sì lè sọ ohun púpọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ tọpa sáà kan, ẹ fi ìwé kékeré kan sílẹ̀, kí ẹ máa kọ èsì gbogbo eré tí líìgì kọ̀ọ̀kan bá gbá síta títí di òpin oṣù kọkànlá. Kí ẹ kọ iye ìgbà tí wọ́n gbá rọ́bà sí ojú ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ ṣí ní oṣù kẹta nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn ikọ̀ 16.