Bí New Lanark Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Ìparun

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìlú tí ó bá gbé ara lé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá tán ni ìlú náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ New Lanark lára, ìlú kékeré kan létí odò Clyde ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Ṣùgbọ́n ìlú náà kò kú tán. Bí ó ṣe tún dìde jẹ́ ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ wò.

Omi ni ó bí New Lanark. Ní nǹkan bí ọdún 1785, David Dale, oníṣòwò ará Glasgow, àti Richard Arkwright tí ó lókìkí nípa ẹ̀rọ ìrànwú, yan àfonífojì náà nítorí pé agbára omi tí ń já níbẹ̀ tó láti yí ẹ̀rọ. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́, wọ́n sì kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́. Òwú tí wọ́n ń ran kò hù ní Skọ́tíláǹdì. Òkè òkun ni ó ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú. Dale fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó tako òwò ẹrú ní Glasgow, síbẹ̀ òwú bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Ní ọdún 1800, Robert Owen, ọkọ ọmọ Dale, gba àkóso. Owen kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ilé-ìwé ni ó ní kí wọ́n lọ. Ní ọdún 1816 ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan, níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọ́ orin, ijó àti ìmọ̀ nípa ayé láìsí ẹgba. Nígbà kan tí òwú kò wá láti Amẹ́ríkà fún oṣù mẹ́rin, ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n Owen ń san owó iṣẹ́ wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn fi inú rere rẹ̀ hàn. Ó sì fi àléébù ìlú náà hàn pẹ̀lú: bí òwú kò bá sí, kò sí nǹkan mìíràn.

Kí ni ó wá fa ìṣubú náà? Owen fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1825. Láti ọdún 1881, iṣẹ́ àwọ̀n ìpẹja àti aṣọ àgọ́ darapọ̀ mọ́ ti òwú. Nígbà tí ó yá, ọjà òkèèrè tí owó rẹ̀ kéré àti okùn àtọwọ́dá gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1968, ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn kó lọ, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní ọdún 1970, oníṣòwò irin àlòkù ra àwọn ilé-iṣẹ́ náà, ó sì dà bí ẹni pé wíwó ni yóò gbẹ̀yìn wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbàlà gbà wá. Èkíní, àwọn ènìyàn kò dúró de ìparun: láti ọdún 1963 ni ẹgbẹ́ kan ti ń tún ilé gbígbé ṣe, a sì dá òmíràn sílẹ̀ ní ọdún 1974 láti dáàbò bo gbogbo ìlú. Èkejì, òfin ràn wọ́n lọ́wọ́: ní ọdún 1983, wọ́n fi agbára òfin gba àwọn ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ oníṣòwò yẹn. Ẹ̀kẹta, wọn kò sọ ìlú náà di ibi ìrántí òkú. Àwọn ènìyàn tún ń gbé inú ilé òṣìṣẹ́ àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ kan di hòtẹ́ẹ̀lì ní ọdún 1998. Omi odò náà tún ń yí ẹ̀rọ, ó ń mú iná mànàmáná wá. Ní ọdún 2001, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo àgbáyé.

Síbẹ̀, àtúnṣe yàtọ̀ sí ìdápadà. Ìlú tí ó gba ju ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lọ nígbà Owen ti di ti ènìyàn díẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà dá àlejò dúró ní ọdún 2020, ó tún hàn pé àlejò náà lè di igi kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ohun tí Dale àti Owen kọ́ fún ire àwọn òṣìṣẹ́, ilé àti ilé-ìwé, ni ó kù tí ayé ń wá wò nígbà tí èrè òwú ti tán. Ìlú tí ó bá ń ro ọjọ́ iwájú rẹ̀ níláti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò kù fún un bí iṣẹ́ òní bá tán.