Ọgbà Ewéko ní Ayé Gbogbo, àti Àwòrán Tí Ó Ní Orúkọ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè pé kí ni ọgbà ewéko jẹ́, tí àwọn ènìyàn fi ń rin ìrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì kí wọn lè fi ojú rí i, kí wọn sì ya àwòrán rẹ̀, ìdáhùn wa nìyí: kì í ṣe oko, nítorí kì í ṣe nítorí oúnjẹ ni a ṣe gbìn ín, kì í sì í ṣe igbó lásán, nítorí pé àwọn igi inú rẹ̀ ni a mọ̀, tí a sì kọ sínú ìwé. Lára igi ni a so pátákó kékeré mọ́, tí a kọ orúkọ igi náà sí, àti ilẹ̀ tí ó ti wá.

Nínú ọgbà àkọ́kọ́ tí Ìwé Mímọ́ sọ fún wa, iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ fi lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ ni kí ó máa ro ọgbà, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni ó sọ àwọn ẹ̀dá alààyè ní orúkọ. Ní èrò tiwa, iṣẹ́ méjèèjì yìí ni àwọn ọgbà ewéko ń ṣe títí di òní: wọ́n ń ṣọ́, wọ́n sì ń sọ ní orúkọ. Nítorí náà ni a ṣe wí pé, ẹni tí ó bá ya àwòrán igi nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, tí kò sì mú orúkọ rẹ̀ bọ̀, ìdajì ni ó mú bọ̀ wá ilé. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ; igi pẹ̀lú ní ìjánu tirẹ̀.

Àwọn ọgbà wọ̀nyí pọ̀. Ti Padua ní ilẹ̀ Ítálì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1545 kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lè mọ ewé dájú, ṣì wà ní ojú ibi tí a kọ́kọ́ gbìn ín sí. Ti Kew ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní 1759, ti Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bràsíìlì ní 1808, ti Singapore ní 1859. Apá ọ̀dọ̀ tiwa náà kò gbẹ́yìn: ìjọba Èkó dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ní 1887, ti Aburi ní ilẹ̀ Gáná tẹ̀lé e ní 1890, ti Limbe ní Kamẹrúùnù, tí àwọn ará Jámánì dá sílẹ̀, sì tẹ̀lé e ní 1892. Ti Ẹ̀bútè Mẹ́ta ti parẹ́, ṣùgbọ́n Aburi àti Limbe ṣì ń gba àlejò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a rí ọgbọ́n àti fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán ni ewéko di ohun tí a ń yà. Ní 1843, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Anna Atkins bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwé àwòrán àwọn ewéko inú òkun. Kò lo ẹ̀rọ ayàwòrán fún un rárá. Ó kun oògùn sí ara ìwé, ó tẹ́ ewéko lé e, ó sì gbé e sí oòrùn. Ibi tí oòrùn rí di aró, ibi tí ewéko bò sì funfun, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ ti í dá aró dúró lára àdìrẹ. Ìwé yìí ni a kà sí àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìwé tí a fi fọ́tò ṣe àwòrán inú rẹ̀. Kí ẹ sì kíyèsí i pé obìnrin yìí kò fi ewéko rẹ̀ sílẹ̀ láìní orúkọ: ó kọ orúkọ wọn sí ojú ìwé náà.

Ohun tí àwòrán lè ṣe hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ òṣíbàtà ńlá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Gbogbo wa ni a mọ òṣíbàtà orí odò wa. Ṣùgbọ́n ti ọ̀hún tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ewé rẹ̀ fi jọ àtẹ ńlá tí a tẹ́ sí ojú omi, tí etí rẹ̀ sì ká sókè. Fún ìgbà pípẹ́, irú méjì péré ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó wà nínú ìdílé òṣíbàtà yìí. Ní 2006, Carlos Magdalena, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ewéko ní Kew, rí fọ́tò kan láti ọ̀nà jíjìn, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ní 2016, àwọn ọgbà méjì ní ilẹ̀ Bòlífíà fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kew. A gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ àwọn méjì yòókù, ìyàtọ̀ sì hàn. Ní 2022 ni a sọ ọ́ ní orúkọ, Victoria boliviana, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí ó ti wá. Ewé rẹ̀ a máa fẹ̀ ju mítà 3 lọ. Ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ewé gbígbẹ rẹ̀ ti wà nínú àpótí ní Kew fún ọdún 177, lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Fọ́tò kan ṣoṣo, tí ó bọ́ sí ojú ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wò, ni ó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe náà.

Ìtàn kejì wà ní Kew kan náà, ó sì bani nínú jẹ́. Nínú ilé onígíláàsì ńlá tí a tún ṣí ní 2018, igi kan wà tí ewé rẹ̀ jọ imọ̀ ọ̀pẹ. Encephalartos woodii ni orúkọ rẹ̀. Ní 1895 ni John Medley Wood rí i nínú igbó Ngoye, ní ilẹ̀ àwọn Súlú, ní Gúúsù Áfríkà. Igi kan péré ni a rí, kò sì sí ẹni tí ó tún rí òmíràn nínú igbó títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ gbin ìbẹ́pẹ mọ̀ pé akọ wà, abo sì wà, àti pé akọ kì í so. Bẹ́ẹ̀ ni igi yìí rí: akọ ni. Gbogbo èyí tí ó wà nínú àwọn ọgbà ayé lónìí ni a yọ láti ara ẹyọ kan náà, bí a ti í yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nítorí náà akọ ni gbogbo wọn. Wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń yọ ohun ìrúwé akọ wọn, ṣùgbọ́n kò sí abo tí yóò gbà á. Ní àwọn ọdún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Southampton ti ń rán ẹ̀rọ tí ń fò sí òkè igbó Ngoye láti máa ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, bóyá abo kan ṣì fi ara pamọ́ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró níwájú igi yìí ní Kew, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe òdòdó ẹlẹ́wà ni òun ń yà bí kò ṣe ẹni tí ó ń retí aya láti ọdún 1899 tí a ti gbé e dé ibẹ̀.

A kò gbọdọ̀ rò pé igi ọgbà kì í kú. Ní 1809, Dom João, ọmọ ọba ilẹ̀ Potogí, gbin irú ọ̀pẹ kan tí í ga fíofío sí ọgbà Rio de Janeiro. Láti ara irúgbìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ilẹ̀ náà. Ní 1972, àrá sán pa á. A ti gbin ọmọ rẹ̀ sí ojú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá fúnra rẹ̀ kò sí láàyè mọ́. Ní Kew pẹ̀lú, ìjì oṣù kẹwàá ọdún 1987 wó bíi 700 igi ní òru kan. Ẹni tí ó ya wọ́n kí ìjì tó dé, tí ó sì kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, ni ẹlẹ́rìí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí òtítọ́ mú kí a sọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú àwọn ọgbà wọ̀nyí ni ó ṣe onílẹ̀ ní àǹfààní. Ní 1876, Henry Wickham kó irúgbìn rọ́bà bíi 70,000 láti Bràsíìlì lọ sí Kew. Àwọn tí ó hù ni a kó lọ sí Ceylon àti Singapore, àti kí 40 ọdún tó pé, rọ́bà Éṣíà ti borí ti Bràsíìlì ní ọjà ayé. Nítorí náà, inú wa dùn sí àwòrán, nítorí òun nìkan ni ohun tí àlejò lè mú kúrò nínú ọgbà tí onílé kò ní pàdánù nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n àlejò gbọdọ̀ mọ ìwà hù. Máṣe kúrò lójú ọ̀nà láti tẹ àwọn ewéko kéékèèké mọ́lẹ̀ nítorí àwòrán. Máṣe já ewé, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Bí o bá fẹ́ ta àwòrán rẹ, béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ọgbà. Òwúrọ̀ dára ju ọ̀sán gangan lọ, nítorí oòrùn ọ̀sán a máa mú kí ewé dán jù; ọjọ́ tí ìkuukùu bo ojú ọ̀run díẹ̀ sì dára púpọ̀. Bí o bá ti inú òtútù wọ ilé onígíláàsì tí ó móoru, ojú ẹ̀rọ rẹ yóò ṣú bí dígí tí a mí sí. Ní sùúrù títí ara rẹ̀ yóò fi móoru. Kọ́kọ́ ya pátákó orúkọ. Lẹ́yìn náà, ya igi náà lódindi, kí o ya èèpo rẹ̀, kí o ya ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí o ya òdòdó àti èso bí ó bá ní. Jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀kan, kí a lè mọ bí ó ti tóbi tó. Irú àwòrán báyìí ni onímọ̀ lè kà bí ìwé.

Bí owó ìrìn àjò kò bá sí, kí ẹnikẹ́ni máṣe banú jẹ́. Ọgbà ewéko wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú ọgbà ilé tiwa pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ igi ni ó jẹ́ àlejò tí a kò mọ̀ ní àlejò: dóńgóyárò wá láti apá Íńdíà, ìbẹ́pẹ àti gbágùúdá sì wá láti Amẹ́ríkà. Àlejò kan sì wà tí ó kọ́ wa ní ọgbọ́n yìí nípa ewé tiwa. Pierre Verger, ọmọ Faransé, ayàwòrán ni. Ó tẹ̀dó sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ó sì ń wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn babaláwo. Ẹ̀sìn tí ó wọ̀ kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yẹ ní ìyìn, nítorí pé orúkọ ewé tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn ni ó kọ sínú ìwé ńlá kan tí a pè ní Ewé, tí ó jáde ní 1995, ọdún kan kí ó tó kú.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín nínú fóònù wọn. Ẹ rán wọn sí ìyá àgbà. Kí wọn ya ewúro, kí wọn ya efinrin, kí wọn ya akòko, àti èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀ mọ́ àfi òun nìkan. Kí wọn sì kọ orúkọ tí ó pè é, ìlú tí wọ́n ti yà á, àti ọjọ́ tí wọ́n yà á. Akọ igi Ngoye wà láàyè, abo rẹ̀ ni a ń wá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, igi wà lẹ́yìnkùlé, orúkọ rẹ̀ ni ó fẹ́ bá àwọn àgbà lọ sí sàréè. Kí a tètè kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí yóò dá wa lóhùn ṣì wà.